Ọ̀nà Tí Àwọn Olólùfẹ́ Là Sínú Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ eré ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí pé eré ni kí ẹ ṣí ewé rẹ̀ kọjá. Àwọn baba wa ní, bí eré bí àwàdà, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Àwọn ènìyàn kan wà káàkiri ayé tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ la ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n la ọ̀nà náà sí. Kò sí ẹni tó bẹ̀ wọ́n lọ́wẹ̀, kò sì sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún wọn. Kí ni wọ́n ń wá? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni n ó gbìyànjú láti dáhùn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ eré tí à ń wí. Ní ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Papyrus ṣe eré kan fún kọ̀ǹpútà, wọ́n sì pè é ní Grand Prix Legends. Ilé-iṣẹ́ Sierra ni ó gbé e jáde fún títà. Eré náà ń ṣe àfarawé ìdíje mọ́tò. Ẹni tó fẹ́ ṣe é yóò jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, yóò di ìdarí ọkọ̀ mú, yóò sì máa wo títì níwájú rẹ̀ bí ẹni pé inú mọ́tò gan-an ni ó wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mọ́tò ọdún 1998 ni wọ́n fi sínú rẹ̀. Mọ́tò ìdíje ọdún 1967 ni, ọdún tí Denny Hulme, ọmọ New Zealand, borí gbogbo awakọ̀ ayé.

Èéṣe tí wọ́n fi padà sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé mọ́tò ìdíje ìgbà náà le púpọ̀ láti wà. Ẹ́ńjìnnì wọn lágbára, ṣùgbọ́n wọn kò tíì ní ìyẹ́ tí ń tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀ kí ó má baà fò. Ọdún 1968 ni ìyẹ́ náà dé. Táyà wọn kò sì fẹ̀ tó ti òde òní. Bí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ jù nínú kọ́nà, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò yí wá síwájú. Àwọn tó ṣe eré náà ṣírò gbogbo èyí pọ̀: ìwọ̀n ọkọ̀, bí táyà ṣe ń di ilẹ̀ mú, àti bí òkè ṣe ń fà á sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wà yóò ti wọ inú igbó ní kọ́nà àkọ́kọ́. Nítorí ìnira yìí, eré náà kò tà tó bí wọ́n ti rò. Ṣùgbọ́n àwọn tó fara dà á títí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọn kò fi í sílẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà ìsáré 11 ni ó wà nínú rẹ̀ nígbà tó jáde. Ọ̀kan wà ní ilẹ̀ wa Áfíríkà, èyí ni Kyalami, lẹ́bàá Johannesburg. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1967, awakọ̀ kan tí ń jẹ́ John Love, láti Rhodesia tí à ń pè ní Zimbabwe báyìí, ń ṣíwájú àwọn àgbà awakọ̀ ayé níbẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ìdíje parí ni ó ní láti yà gba epo sí i, ni Pedro Rodríguez ọmọ Mẹ́síkò bá gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́. Love ṣe ipò kejì. Ọ̀nà tí wọ́n sá lọ́jọ́ náà kò sí mọ́ bí ó ti wà. Wọ́n ti tún un là, wọ́n sì ti yí i padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba kọ́nà tí Love gbà, inú eré yìí ni yóò ti rí i.

Ẹ tún wo Rouen ní ilẹ̀ Faransé. Títì gbogbo ayé ni, tí wọ́n máa ń dí tẹ́lẹ̀ nígbà tí ìdíje bá dé. Kọ́nà kan wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé òkúta ni wọ́n tò sí i nígbà náà. Wọ́n dá ìdíje dúró níbẹ̀ ní ọdún 1994. Ní ọdún 1999, ọdún kan péré lẹ́yìn tí eré náà jáde, wọ́n wó ibi tí àwọn òǹwòran ń jókòó sí. Àwọn tó ṣe eré náà ti ya àwòrán rẹ̀ pamọ́ kí katakata tó dé.

Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ eré náà rí i pé ibi tó ti parẹ́ lè wà báyìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé, àwọn ibi yòókù ńkọ́? Ìdíje ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1967, kì í ṣe Rouen ni wọ́n ti sá a, Le Mans ni, ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Bugatti. Papyrus kò sì fi ìyẹn sí i. Targa Florio ń bẹ ní erékùṣù Sísílì, níbi tí yíyípo ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti jẹ́ kìlómítà 72 láàárín òkè àti abúlé. Ain-Diab ń bẹ ní Casablanca, ní Morocco, níbi tí Stirling Moss ti gba ipò kìíní ní ọdún 1958, tí Mike Hawthorn tó ṣe ipò kejì sì gba oyè gbogbo ayé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Dakar pàápàá, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín, wọ́n sá ìdíje ní ọdún 1956, Maurice Trintignant ọmọ Faransé ni ó sì borí.

Ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà kò fi ọ̀nà kankan kún un mọ́. Kí ni àwọn olólùfẹ́ ṣe? Wọ́n tú inú eré náà wò, wọ́n ń ka nọ́ńbà inú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi mọ bí wọ́n ti ń kọ títì sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣe irinṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì fi í fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Báyìí ni ọ̀nà Bugatti ṣe dé, tí Targa Florio náà sì dé. Lónìí, ọ̀nà tí àwọn olólùfẹ́ là ti ju 100 lọ dáadáa, nígbà tó jẹ́ pé 11 péré ni ilé-iṣẹ́ ṣe.

Wàyí o, báwo ni wọ́n ti ń là á? Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wíwọ̀n. Oríṣi títì méjì péré ni eré yìí mọ̀: èyí tó lọ gbọnrangandan, àti èyí tó jẹ́ abala òbìrípo. Títì tó wù kó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gé e sí irú méjì yìí. Bí ẹ bá gé díẹ̀ lára ẹnu ìkòkò ọbẹ̀, yóò tẹ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá gé gígùn kan náà lára ẹnu àmù ńlá, díẹ̀ ni yóò tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́nà: èyí tó le jẹ́ abala òbìrípo kékeré, èyí tó rọ̀ jẹ́ abala òbìrípo ńlá. Olùlànà yóò gbé máàpù síwájú, yóò máa gé títì náà sí wẹ́wẹ́, yóò sì máa tò wọ́n títí ìparí yóò fi pàdé ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ó bá fi dígírì 1 péré ṣi kọ́nà kan wọ̀n, tí títì tó tẹ̀lé e sì gùn tó kìlómítà 1, ìparí rẹ̀ yóò ti yà tó mítà 17 kúrò níbi tó yẹ kó wà. Àṣìṣe kékeré ń bí ńlá.

Iṣẹ́ kejì ni gíga àti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe kí títì gòkè kí ó sì sọ̀ nìkan. Ó tún máa ń tẹ̀ sápá kan, bí èyí tí wọ́n là kí omi òjò lè ṣàn sínú gọ́tà. Bí olùlànà kò bá fi ìyẹn sí i, awakọ̀ tó mọ ibẹ̀ lójú ayé yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun kan kù.

Iṣẹ́ kẹta ni ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì: igi, ilé, ọgbà, ìdì koríko gbígbẹ tí wọ́n tò kí mọ́tò má baà pa òǹwòran. Níbí ni wọ́n ti ń wá àwòrán àtijọ́ kiri. Wọ́n a wo ìwé ìròyìn, wọ́n a wo fíìmù. Fíìmù Grand Prix tó jáde ní ọdún 1966 wúlò fún irú iṣẹ́ báyìí, nítorí pé ojú ọ̀nà Monaco, Spa àti Monza gan-an ni wọ́n ti yà á.

Iṣẹ́ kẹrin ni kíkọ́ àwọn awakọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wà. Àwọn wọ̀nyí kò ní ojú. Ẹ ní láti fi ipa tí wọn yóò máa tọ̀ hàn wọ́n, kí ẹ sì sọ bí wọn yóò ti sáré tó níbi kọ̀ọ̀kan. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, wọn yóò forí sọ ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo èyí, olùlànà yóò gbé ọ̀nà náà fún àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n wà á, kí wọ́n sì sọ ohun tó kù. Ẹnì kan tó gbé ládùúgbò ibẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ lè wí pé igi tó wà lápá òsì yẹn, ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n gbìn ín. Olùlànà yóò padà lọ yọ igi náà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí kò lè ṣe pẹ̀lú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, Lorenzo Bandini ọmọ Ítálì kọlu ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Monaco, ọkọ̀ rẹ̀ gbiná, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Monaco ti ọdún náà wà nínú eré yìí pẹ̀lú àwọn kọ́nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá forí sọ ibẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì kan ni yóò tẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Eré lè pa ìrísí ọ̀nà mọ́. Kò lè pa ohun tí ọ̀nà náà gbà lọ́wọ́ ènìyàn mọ́. Ìwé àti ẹnu àgbà ni yóò sọ ìyẹn.

Ohun kejì ni pé ẹni tó ń pa nǹkan mọ́, òun náà nílò ẹni tí yóò bá a pa á mọ́. Ọ̀pọ̀ olùlànà a máa kọ ìwé kékeré mọ́ iṣẹ́ wọn, wọn a dárúkọ gbogbo ẹni tó fún wọn ní máàpù tàbí àwòrán, wọn a sì dúpẹ́. Ìwà ọmọlúàbí ni. Ẹni tó bá mú iṣẹ́ ẹlòmíràn tó wá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, olè ni. Bí ó bá sì jẹ́ ibì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà wà, ọjọ́ tí onítọ̀hún bá kú, tàbí tí kò lówó ìtọ́jú rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lè parẹ́ lóòjọ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọlọ́gbọ́n láàárín wọn fi ń dà á kọ sí ọ̀pọ̀ ibi.

Kí ni ó wá kàn wá ní Ara? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ kan láàárín yín fẹ́ la ọ̀nà tó ti Èjìgbò wá sí Ara sínú kọ̀ǹpútà, bí ó ti rí nígbà tí bọ́lẹ̀kájà ń ná an. Ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà títí di ọdún 1972. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí kò bá mọ èyí, ó lè gbé bọ́lẹ̀kájà sí apá tí kò yẹ. Ní ti gíga ilẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà kan fò yí ayé ká ní oṣù kejì ọdún 2000, ó sì wọn òkè àti àfonífojì ilẹ̀ tó pọ̀ jù lọ láyé, tiwa pẹ̀lú. Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi kan sí ìkejì tó wọ̀n jìnnà síra tó mítà 30. Kò rí kòtò, kò rí afárá kékeré, kò rí igi tí àwọn èrò ń dúró sí lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ìlú ni wọ́n rí ìyẹn. Wọ́n mọ ibi tí ọkọ̀ ti ń rì nígbà òjò. Wọ́n mọ igi tí wọ́n gé nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ni ó wà ní Àbíjáǹ. Àwòrán tí kò sí nílé mọ́ lè wà nínú àpótí wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n máàpù a máa gbó, àwòrán a máa ṣá, àgbà kì í sì í dúró de ẹni tí kò tíì ṣe tán láti bèèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò nílò láti dúró de kọ̀ǹpútà. Okùn tí a wọ̀n ní mítà, ìwé àti pẹ́ńsù tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ fẹsẹ̀ wọn títì kan, kí wọ́n kọ gígùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n ya kọ́nà rẹ̀, kí wọ́n sì bi baba àgbà tàbí ìyá àgbà kan léèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Kí wọ́n da ìwé náà kọ sí méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé-ìwé, kí èkejì wà nílé. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ la ọ̀nà náà sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ iwájú, yóò rí ohun tí yóò fi là á. Bí kò bá sì sí ẹni tó fẹ́ ẹ, àwọn ọmọ yín yóò ti mọ ọ̀nà ìlú wọn ju bí wọ́n ti mọ̀ ọ́n lánàá lọ.

Ó dìgbà mìíràn o. Ọ̀nà yín yóò máa là.