GTI, Williams, Trophy-R: ṣé òótọ́ ni àmì ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré ń sọ?

Ẹni tó bá wọ páàkì ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu tàbí ní Sèmè á rí i pé ọkọ̀ kékeré tó ti ilẹ̀ Faransé àti Jámánì dé pọ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní àmì lẹ́yìn: GTI, RC, GT Line, Sport, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń tà á ò ní gbàgbé àmì yẹn tó bá kan ọ̀rọ̀ owó. Á fọwọ́ pa á, á ní: "Èyí kì í ṣe 206 lásán o, RC ni." Owó tó gorí ọkọ̀ nítorí lẹ́tà méjì yẹn lè tó owó àgbàdo odindi ìkórè kan lọ́wọ́ ẹlòmíràn láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí a jọ tú ọ̀rọ̀ náà wò: kí ni àmì yẹn ń ṣèlérí, ìgbà wo sì ni ọkọ̀ ń mú ìlérí náà ṣẹ?

Irú ọkọ̀ tí à ń wí nìyí. Ọkọ̀ kékeré tí ìdílé fi ń lọ ọjà ni, tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é wá gbé ẹ́ńjìnnì alágbára sínú rẹ̀, tí wọ́n mú ṣọ́kù rẹ̀ le, tí wọ́n sì fún un ní ìjánu tó lè dá irú eré bẹ́ẹ̀ dúró. Àwọn Faransé máa ń pè é ní bombinette. Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀, ṣùgbọ́n Golf GTI ti Volkswagen ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Wọ́n fi í hàn ní Frankfurt ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní 1976. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 ni, agbára ẹṣin 110. Ohun tí Volkswagen ní lọ́kàn ni pé àwọn á ṣe 5,000 péré. Nígbà tí wọ́n fi máa pa Golf àkọ́kọ́ yẹn tì, GTI tí wọ́n ti tà ti lé ní 400,000.

Kí ló jẹ́ kí ó sáré? Kì í ṣe ẹṣin nìkan. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ kan á yára, ẹ pín ìwúwo rẹ̀ fún iye ẹṣin rẹ̀, kí ẹ mọ ẹrù tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ń gbé. Ní ti Golf GTI àkọ́kọ́ yẹn, ẹrù ẹṣin kan kò tó kìlò 8. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Golf kẹta dé. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti di lítà 2, àmì GTI ṣì wà lára rẹ̀ gbọnin-gbọnin, ṣùgbọ́n èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn ò ní ju ẹṣin 115 lọ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ti wúwo ju tọ́ọ̀nù kan. Ẹṣin 5 péré ni wọ́n fi kún un, ẹrù tí wọ́n gbé lé àwọn ẹṣin náà lórí sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ọkọ̀ tó dáa ni fún ìrìn ojoojúmọ́. Àmọ́ ẹni tó rà á nítorí ohun tí bàbá rẹ̀ sọ nípa Golf ọdún 1976, ẹ̀tàn díẹ̀ ti wọ̀ ọ́.

Ti "série limitée" tún yàtọ̀, ìyẹn ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ sọ pé iye báyìí làwọn máa ṣe, àwọn ò ní ṣe ju bẹ́ẹ̀. Nínú irú èyí, ìlérí méjì ni wọ́n ń ṣe fún yín lẹ́ẹ̀kan náà: èkíní, pé ọkọ̀ náà ṣọ̀wọ́n, èkejì, pé ó lágbára ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni ìkan, ọ̀tọ̀ ni èkejì.

Ẹ jẹ́ ká mú Clio Williams. Ní 1992, Williams, ẹgbẹ́ eré ìje ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lo ẹ́ńjìnnì Renault, gba ipò kìíní ní Formula 1, Nigel Mansell sì di ọ̀gá àwọn awakọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Renault gbé Clio kan jáde: ara rẹ̀ búlúù, jante rẹ̀ aláwọ̀ wúrà, orúkọ Williams sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Ojú wa fẹ́ràn jante yẹn títí di òní, a ò lè parọ́.) Ṣùgbọ́n àwọn Williams kọ́ ló ṣe ọkọ̀ náà. Renault Sport ló ṣe é. Orúkọ lásán ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sọ pé àmì yẹn ń fẹlá, kò parọ́ mọ́ ọn.

Síbẹ̀, ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Clio 16S tó wà ṣáájú rẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì lítà 1.8, ti Williams di lítà 2, agbára ẹṣin 150. Wọ́n ya ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ síra sí i kí ó lè dì mọ́ ilẹ̀ nínú kọ́nà, wọ́n sì mú àpótí jíà lágbára kí ó lè gba ẹ́ńjìnnì tuntun náà. Ìwúwo rẹ̀ kò jìnnà sí tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà ẹṣin kan ń gbé bíi kìlò 7. Ó ń sá eré kìlómítà 215 ní wákàtí kan. Àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ ṣì ń dárúkọ rẹ̀ títí di ìsinsìnyí láàárín àwọn ọkọ̀ kékeré tó dùn ún wà jù lọ.

Ibi tí wọ́n ti dalẹ̀ ni ti iye. Wọ́n ní 3,800 làwọn máa ṣe, wọ́n sì kan irin pẹlẹbẹ kékeré tó ní nọ́ńbà mọ́ iwájú awakọ̀. Ọjà wá yá. Renault ò lè mójú kúrò lára owó. Wọ́n ṣe sí i, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbé Williams 2 jáde, wọ́n tún gbé Williams 3 jáde. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó ti lé ní 12,000. Inú bí àwọn tó kọ́kọ́ rà á, nítorí wọ́n ti sanwó ọ̀wọ́n fún ohun tí wọ́n sọ pé kò ní pọ̀.

Peugeot 206 GT wá yí i padà. A mọ 206 dáadáa lọ́dọ̀ wa, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, a sì rò pé ìtàn yìí á pa yín lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1999, Peugeot fẹ́ fi 206 wọ ìdíje ràlí àgbáyé. Òfin ìdíje nígbà yẹn sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó mítà 4, 206 ò sì ju mítà 3.83 lọ. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fa bọ́ńpà rẹ̀ gùn, níwájú àti lẹ́yìn, títí ó fi lé mítà 4 díẹ̀, wọ́n ṣe 4,000 bẹ́ẹ̀ fún títà, wọ́n fún wọn ní nọ́ńbà, wọ́n sì pè é ní 206 Grand Tourisme. Ọkọ̀ ràlí tó tinú ètò yẹn jáde kì í ṣe kékeré: Peugeot gba ife-ẹ̀yẹ ilé-iṣẹ́ ní 2000, 2001 àti 2002, Marcus Grönholm sì di ọ̀gá awakọ̀ àgbáyé ní 2000 àti 2002.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n tà fún aráàlú ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì kan náà tó wà nínú 206 S16 ló wà nínú rẹ̀, lítà 2, ẹṣin 137. Kò ní túbò, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló ń fà á, nígbà tí ti ràlí ní túbò tó sì ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn. Ohun tí ẹ fi ń sanwó lé ti S16 lórí ni bọ́ńpà gígùn àti nọ́ńbà. Nínú Williams, ọkọ̀ jẹ́ òótọ́, iye ni kò jẹ́ òótọ́. Nínú 206 GT, iye jẹ́ òótọ́, àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ò ní rí nǹkan kan tí S16 ò ti fi hàn án rí.

Àwọn kan wà tí kò sọ pé àwọn lágbára rárá, a sì yìn wọ́n fún ìyẹn. Peugeot 205 Roland-Garros, ọkọ̀ aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi orúkọ ìdíje tẹníìsì ti Paris sọ, ẹwà ló ń tà. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 205 Rallye ti 1988: ẹ́ńjìnnì lítà 1.3 péré, ṣùgbọ́n ẹṣin 103, ọkọ̀ náà kò sì tó kìlò 800. Wọ́n ti yọ ohun ìgbádùn kúrò lára rẹ̀, jante onírin lásán tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ló wọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọkọ̀ tálákà ni. Ó yára ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní ohun ọ̀ṣọ́ ìje lára lọ.

Ní ti GT Line, R-Line, S line, AMG Line, a ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. "Line" túmọ̀ sí pé aṣọ ni wọ́n wọ̀ fún un: bọ́ńpà, jante, okùn pupa lára àga. Ẹ́ńjìnnì díísù kékeré lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ò fi pamọ́, inú ìwé ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọ̀dọ̀ ẹnìkejì àti ẹnìkẹta tó ń tún un tà ni ọ̀rọ̀ "Line" ti máa ń jábọ́ kúrò lẹ́nu, tí GT nìkan á ṣẹ́kù.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òótọ́ wọn pọ̀ jù. Ní 2008, Renault ṣe Mégane R26.R, 450 péré. Wọ́n yọ àga ẹ̀yìn, wọ́n yọ rédíò, wọ́n fi ike dípò díńgí ẹ̀yìn, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ dín kìlò 123 kù. Ẹṣin ò yí padà, 230 náà ni. Ó yí ojú ọ̀nà ìdíje Nürburgring ní Jámánì, tó lé ní kìlómítà 20, ní ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 17. Kò sí ọkọ̀ títà kan tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú fà tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà yẹn. Ní 2019, Mégane Trophy-R, ẹṣin 300, ṣe é ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. 500 ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n èyí tó ní jante carbon àti ìjánu seramíìkì bíi ti ọkọ̀ tó ṣe é yẹn kò ju 30 lọ. Àmì kan náà wà lẹ́yìn 470 yòókù.

Kí ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ṣe lọ́dọ̀ wa? Kò ní àga ẹ̀yìn, nítorí náà ìyá àti ọmọ ò lè wọ̀ ọ́. Ikùn rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, ọ̀nà pupa abúlé á fọ́ abẹ́ rẹ̀ kí òjò tó dá. Ti epo tún wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onítúbò alágbára báyìí, epo 98 ni wọ́n ṣe é fún. Epo tí kò tó bẹ́ẹ̀ lè gbiná nínú ẹ́ńjìnnì kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá ti gbọ́ ìró rẹ̀, á dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́. Ẹni tó bá ń da kpayo inú ìgò sí i, tí kò mọ ohun tí wọ́n lú mọ́ ọn, lè san owó ẹṣin 300 kí ó má rí 300 yẹn lò lọ́jọ́ kan.

Fún ẹni tó ṣì fẹ́ ra ọ̀kan, ohun tó yẹ kó wò kò sí lẹ́yìn ọkọ̀, inú ìwé ló wà. Ẹ béèrè carte grise tó bá ọkọ̀ náà ti Yúróòpù wá. Ẹ wo P.1, ìyẹn títóbi ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo P.2, ìyẹn agbára rẹ̀ ní kW. Ẹ fi 1.36 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó rí iye ẹṣin. Ẹ má ṣi P.6 mú fún un o, ẹṣin owó orí ni ìyẹn. 206 RC tòótọ́ ní lítà 2 àti ẹṣin 177: P.2 rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 130. Bí ẹ bá rí 55 níbẹ̀, 206 lítà 1.4 ẹlẹ́ṣin 75 ni, ẹnì kan ló ra àmì RC lọ́jà tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. G.1 á sọ ìwúwo ọkọ̀ fún yín, ẹ lè wá ṣe ìṣirò ẹrù ẹṣin kọ̀ọ̀kan bí a ti ṣe lókè. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ ni, ẹ pe mẹkáníìkì kí ó wo táyà bóyá ó jẹ lápá kan, kí ó wo ìjánu àti kílọ́ọ̀ṣì, nítorí irú ọkọ̀ yìí, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í sábà wà á wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé carte grise ti sọnù, nọ́ńbà lẹ́tà àti òǹkà 17 wà lára irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ mú un lọ bá aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ní Kútọnu kí ẹ tó yọ owó. Ó lè bá yín wo irú ẹ́ńjìnnì tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó kúrò ní ilé-iṣẹ́.