Kíkó Ètò Ìṣiṣẹ́ Kọ̀ǹpútà láti Inú Díìsìkì Kan sí Òmíràn

Ní òpópónà Rye Lane ní Peckham, gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ìsọ̀ àwọn tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe wà láàárín ìsọ̀ àwọn tó ń ta iṣu, ẹja gbígbẹ àti àǹkárá. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ nítorí pé ó ń falẹ̀ lè má nílò ju díìsìkì tuntun lọ. Ṣùgbọ́n inú díìsìkì àtijọ́ náà ni ohùn ìyá àgbà tó ń ki oríkì ìdílé lè wà. Bí a bá ṣi iṣẹ́ náà ṣe, ohùn yẹn lè parẹ́, ẹni tó ni ín sì lè má sí láyé mọ́ láti tún un kì.

Díìsìkì àtijọ́ ní àwo pẹlẹbẹ tó ń yí. SSD kò ní ohun tó ń yí rárá. Inú ṣíìpù ló ń tọ́jú nǹkan sí, ìdí nìyí tó fi yá ju ti àtijọ́ lọ.

Ètò ìṣiṣẹ́, bíi Windows tàbí Linux, kì í ṣe fáìlì lásán. Nínú kọ̀ǹpútà òde òní, ìpín kékeré kan wà tí a ń pè ní EFI, níbi tí ohun tó ń jí ètò náà dìde wà. Ẹni tó bá kàn da fáìlì kọ kò ní kó ìpín yìí dání, kọ̀ǹpútà kò sì ní jí. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ da gbogbo ìpín kọ lódindi.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ìwọ̀n díìsìkì méjèèjì, kí a sì ti da àwọn fáìlì pàtàkì kọ sí ibi kẹta. Bí BitLocker bá ti ti díìsìkì náà pa, kí a wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ oní-nọ́ńbà 48 sílẹ̀.

Clonezilla máa ń ṣiṣẹ́ láti orí USB, nígbà tí ètò inú díìsìkì ṣì ń sùn. Bí a kò bá yí ìlànà rẹ̀ padà, díìsìkì tuntun kò gbọdọ̀ kéré ju ti àtijọ́ lọ. Nínú àṣẹ dd ti Linux, «if» ni orísun, «of» sì ni ibi tí à ń kó o lọ. Ẹni tó bá ṣi méjèèjì gbé fún ara wọn yóò da òfìfo bo ohùn ìyá àgbà mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn àdàkọ, kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a yọ díìsìkì àtijọ́, kí a sì tan tuntun nìkan, nítorí pé àmì ìdánimọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ní báyìí. Bí àyè bá ṣẹ́kù, a lè fẹ ìpín náà sí i. Kí a gbọ́ oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí a sì fi àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá tẹ ọ̀rọ̀ tó ní àmì ohùn.

Àdàkọ kì í sọ ètò àtijọ́ di tuntun: Microsoft dáwọ́ àtìlẹyìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, bí a bá sì dà á kọ, Windows 10 náà ni. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa inú díìsìkì àtijọ́ rẹ́ títí tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.