Akíntọ́lá Ti Gba Oko Odò-Ọwá

Ọyẹ́ ti dé. Lẹ́bàá títì tó jáde kúrò ní Odò-Ọwá, jogbo tò lọ rẹrẹ, òdòdó rẹ̀ tó pupa rúsúrúsú ti ń rọ. Láti ìhà Mẹ́síkò ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Mo yà sí ọ̀nà oko, mo bá bọ́ sáàárín ewéko tí a ń pè ní Akíntọ́lá.

Igbó náà dí débi pé àdá la fi ń lànà. Mo já ewé kan, mo fọwọ́ ra á, òórùn rẹ̀ ta sí mi nímú. Ewé yìí ni àgbẹ̀ ń fún sójú ọgbẹ́ tí àdá bá ṣá a, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Ó tún máa ń bo ẹ̀kan mọ́lẹ̀, ẹ̀kan tó ti dá àgbẹ̀ lágara. N kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ṣùgbọ́n àlejò ni. Amẹ́ríkà nilé rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ló bá èso igi mẹ̀línà tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka wọ Nàìjíríà.

Àwọn ọmọ tata ṣù mọ́ òdòdó rẹ̀, wọ́n dúdú, wọ́n ní tótòtó lára. Onílé ni tata yìí. Oje olóró tó ń rí nínú òdòdó náà ló fi ń dáàbò bo ẹyin rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tá. Bí òdòdó bá tán, ewé ẹ̀gẹ́ ló kàn. Àlejò ló ń bọ́ onílé tó ń jẹ wá lóko!

Lábẹ́ Akíntọ́lá ni mo ti rí ọmọ ìrókò kan tí kò ga dé orúnkún, ewé rẹ̀ ti pọ́n nítorí kò rí oòrùn. Iná ẹ̀ẹ̀rùn ló sì tún ń bọ̀. Á jó ọmọ igi pa, Akíntọ́lá á tún rú láti ìdí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí agbègbè Bámigbóyè la wà, agbẹ́gilére tí Yunifásítì Yale pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2022. Ìtì igi ńlá ni ère Ẹpa tó máa ń gbẹ́, èyí tí wọ́n ń gbé sórí jó, ń gbà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Odò-Ọwá, Ìlọ́fà àti Ọ̀sì, ẹ bẹ́ Akíntọ́lá báyìí kí èso rẹ̀ tó gbó, ẹ sì hú gbòǹgbò rẹ̀. Ẹ má fi iná sí i. Bí àdá yín bá kan ọmọ ìrókò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a sí.