Ṣé Ohun Tó Ṣáájú Ló Fà Á?



Ọmọ kan jẹ àkàrà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan nínú agbo ilé wọn. Lóru, ara rẹ̀ gbóná, gìrì sì mú un. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán: "Ìyá yẹn ni! Ṣebí lẹ́yìn tó jẹ àkàrà rẹ̀ ni àìsàn dé?" Wọ́n ti ń kó ẹrù ìyá náà síta nígbà tí ẹnì kan sáré wá pè mí.

Ní séminárì, wọ́n kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan tí àwọn Faransé ń pè ní logique. Aristotle, amòye ará Gíríìsì tó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ló kọ́kọ́ tò ó lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn bà yín lẹ́rù. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò ju pé ká ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára ìdájọ́, ká wá bèèrè pé: bí ẹ̀rí yìí tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣé dandan ni kí ìdájọ́ yìí tẹ̀lé e?

Ẹ̀rí tiwọn ni pé ọmọ jẹ àkàrà, lẹ́yìn náà ó ṣàìsàn. Òótọ́ ni. Ìdájọ́ wọn ni pé àkàrà ló fà á. Ṣùgbọ́n àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ta ló jẹ́ sọ pé àkùkọ ló mú ilẹ̀ mọ́? Àṣìṣe yìí ti pẹ́ láyé débi pé ó ní orúkọ ní èdè Látìnì: post hoc, ergo propter hoc. Ìyẹn ni pé, "ó dé lẹ́yìn èyí, nítorí náà èyí ló fà á."

Ìbéèrè méjì ni mo bi wọ́n. Ta ló tún jẹ nínú àkàrà náà? Ọmọ márùn-ún, wọ́n ń ṣeré lẹ́yìnkùlé. Kí ló tún ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yìí ṣáájú? Kò sẹ́ni tó rántí nǹkan kan, kò sì yà mí lẹ́nu. Bí ẹ̀fọn bá kó ibà ran ènìyàn, ó sábà máa ń tó ọjọ́ 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ara rẹ̀ tó gbóná. Ta ló ń ka ọjọ́ tí ẹ̀fọn jẹ ọmọ?

Tọ́másì Mímọ́ ará Aquino, tó kú ní 1274, ní ìṣe kan tí mo fẹ́ràn. Nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa, àwíjàre àwọn tó lòdì sí èrò rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kó tó sọ tirẹ̀. Nínú agbo ilé yẹn, kò sẹ́ni tó tíì bi ìyá náà léèrè ohunkóhun. Nígbà tí mo ní kí ó sọ tẹnu rẹ̀, ó ní: "Ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ná. Ẹ óò padà bá mi níhìn-ín."

Wọ́n gbé e lọ. Ibà ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ sì yá. Síbẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó kó ẹrù ìyá náà wọlé padà.