Bí fáìlì Word ṣe ń di ojú-ìwé Wikipedia

Bí ẹ bá kọ àpilẹ̀kọ tán nínú Word, tí ẹ ṣe kọ́pì rẹ̀, tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí àmì wiki ní Wikipedia Yorùbá, ọ̀rọ̀ lásán ló máa dé ibẹ̀. Ìsọ̀rí, lẹ́tà tó ki, àtẹ, líǹkì: gbogbo wọn á ti já sọ́nà.

Fáìlì .docx, tó dé pẹ̀lú Office 2007, àpò tí wọ́n di pọ̀ ni. Ẹ ṣe kọ́pì rẹ̀ kan, kí ẹ yí .docx ìdí rẹ̀ padà sí .zip, kí ẹ ṣí i. Ẹ ó rí fódà kan tó ń jẹ́ word, document.xml á sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín wà, pẹ̀lú àmì tó ń sọ pé ìsọ̀rí nìyí, ìpínrọ̀ lásán nìyẹn. Wiki ní tirẹ̀, àmì tí ọwọ́ ń tẹ̀ ló mọ̀: == Ìtàn == fún ìsọ̀rí, '''Ìbàdàn''' fún lẹ́tà tó ki, [[Ìbàdàn]] fún líǹkì.

Pandoc, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀jọ̀gbọ́n John MacFarlane bẹ̀rẹ̀ ní 2006, ló ń ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni, èèyàn sì lè lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní pandoc.org: ẹ mú docx fún ohun tó ń wọlé, mediawiki fún ohun tó ń jáde.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Láti mọ ìsọ̀rí, Pandoc kì í wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú; orúkọ tí ẹ fún un nínú Styles ti Word ló ń kà. Bí ẹ bá kàn mú kí “Ìtàn” tóbi kó sì ki, '''Ìtàn''' ló máa kọ jáde. Wiki ò ní mọ̀ ọ́n sí ìsọ̀rí, kò sì ní fi í sínú àkóónú tó máa ń tò fúnra rẹ̀. Heading 2 ni kí ẹ fún un, == á sì yọ. Ẹ má lo Heading 1, nítorí àkọlé ojú-ìwé gan-an ló ni = ẹyọ kan. Bákan náà ni ìtọ́kasí: èyí tí ẹ fi Insert Footnote ṣe á di <ref>, èyí tí ẹ fọwọ́ kọ [1] sí á dúró bẹ́ẹ̀.

Àwòrán kì í bá ọ̀rọ̀ lọ. Wikimedia Commons ni wọ́n ń gbé e sí, bí àṣẹ rẹ̀ bá gbà bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kàn wá jù ni àmì ohùn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi Unicode (ìlànà tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀) tẹ̀ máa ń kọjá láìfarapa. Àmọ́ àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé ààyè lẹ́tà mìíràn ni wọ́n fi ẹ́ tàbí ọ̀ sí. Pandoc kì í gbé fọ́ǹtì, nítorí náà lẹ́tà mìíràn yẹn ló máa hàn, ìwé á sì dàrú pátápátá. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀, inú Word ni kí ẹ ti lo Find and Replace, kí ẹ fi lẹ́tà Unicode rọ́pò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó gbé e fún Pandoc.