Táyà Aláfẹ́fẹ́ àti Táyà Dídì: Èwo ni kí Oníkẹ̀kẹ́ Rà?

Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti oko dé ilé nítorí ẹ̀gún kan ṣoṣo kò ní ṣàì fetí sílẹ̀ nígbà tí a bá wí fún un pé táyà kan wà tí kì í jò láéláé. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́. Rọ́bà dídì ni, tàbí ohun mìíràn tí ó jọ rọ́bà; kò ní tíúbù, kò sì wá pọ́ǹpù. A ń rí i lára kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ àti lára àga oníkẹ̀kẹ́ ti àwọn tí kò lè rìn. Ṣùgbọ́n kí baálé ilé tó ná owó lé e lórí, a fẹ́ kí ó gbọ́ bí ọ̀ràn náà ti rí.

Táyà dídì kì í ṣe ohun titun. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Irin ni ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ká, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ ọ́ ní Agbọnegungun. Lẹ́yìn irin ni rọ́bà dídì dé. Robert William Thomson, ará Skọ́tíláǹdì, ti gba ìwé àṣẹ lórí táyà aláfẹ́fẹ́ ní 1845, ṣùgbọ́n kò gbilẹ̀, ayé sì gbàgbé rẹ̀. Ní 1887, John Boyd Dunlop, oníṣègùn ẹranko ní Belfast, ń wá ohun tí yóò mú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ rọrùn. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà, ó dè é mọ́ pákó róbótó, ó sì yí i lórí ilẹ̀ àgbàlá. Ó yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Ìyẹn kò dé òpin kí ó tó ṣubú. Aláfẹ́fẹ́ dé òpin, ó kọlu òpó ẹnu ọ̀nà, ó sì ta padà! Ní 1889 William Hume fi irú táyà yìí borí nínú eré ìje kẹ̀kẹ́ ní Belfast. Ní 1890 ni a wí fún Dunlop pé ìwé àṣẹ rẹ̀ kò dúró, nítorí Thomson ti ṣáájú; síbẹ̀ orúkọ Dunlop ni ó wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn.

Kí ni afẹ́fẹ́ ń ṣe níbẹ̀? Bí táyà bá gun òkúta, afẹ́fẹ́ a fún pọ̀, a gba òkúta náà mọ́ra, a sì dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára tí ó gbà padà. Rọ́bà dídì kì í dá tó bẹ́ẹ̀ padà. Apá kan a di ooru lásán, ẹsẹ̀ ẹni tí ń wà á ni ó sì ń san gbèsè náà. Ìgbọ̀nrìrì tí ó kù a lọ sí rímù, sí sípóòkù, àti sí ẹ̀yìn ẹni tí ó jókòó.

Ní tiwa, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé e láti abúlé dé abúlé, kí ó di aláfẹ́fẹ́ mú. Kì í ṣe ẹ̀gún nìkan ni ń fa jíjò: bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, rímù a gé tíúbù lórí òkúta. Kí ó máa fi pọ́ǹpù kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì mú ohun ìlẹ̀ táyà dání. Ẹni tí ó bá ti ra dídì, kí ó máa yẹ sípóòkù rẹ̀ wò nígbàkúùgbà, kí wọn má baà já ní ojú ọ̀nà.