Ibà, Èkúté àti Làkúrègbé

Bí oríkèé bá wú fún ará Ìkòtún tàbí Ẹ̀gbẹ́dá, làkúrègbé ni à ń pè é. Ṣùgbọ́n làkúrègbé kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ara, ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń ba oríkèé jẹ́.

Ní 1968, Brian Greenwood, oníṣègùn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Oríta Mẹ́fà ní Ìbàdàn, kọ̀wé pé irú àrùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láàrin wa. Ó fura pé ibà tí ń bá wa jà láti kékeré ni ó ń tu àwọn ọmọ ogun náà lójú. Ní 1970, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ibà èkúté ran àwọn èkúté tí a bí irú àrùn yìí mọ́. Àrùn náà sì dínkù lára wọn.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí fẹ́ràn ẹ̀fọn Ìgàndò: ibà ń pa ọmọ. Kí a má sì sọ pé àrùn òyìnbó ni. Ní 2009, àwọn oníṣègùn ní Èkó ròyìn aláìsàn 66 tí lúpọ́ọ̀sì, ìbátan àrùn yìí, ń ṣe. Ohun tí a kò wá, a kì í sábà rí i.

Sìgá mímu ń fa làkúrègbé yìí súnmọ́ni. Oòrùn sì ń ru lúpọ́ọ̀sì sókè. Ẹni tí oríkèé rẹ̀ bá wú, tí ó ń gan ní òwúrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí egungun tó bàjẹ́.